Òfìò Lójú Ọ̀nà: Ìtàn Láti Aṣálẹ̀ Dé Ilẹ̀ Èkìtì Kwara

Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ní Osi tàbí ní Iloffa, èpò ni òfìò lójú rẹ̀. Gàmbàrí tó ń ti bárò kiri ìgboro Ìlọrin, owó ni lójú tirẹ̀. Ewéko kan náà sì ni. Ìmumu tí àwọn kan ń pè é kò yí i padà. Ohun tí ẹnì kan ń fi ọkọ́ hú dànù ní ilẹ̀ Èkìtì Kwara, ẹlòmíràn ń gbìn ín ní Kebbi àti ní Katsina, ó ń sá a, ó ń dì í sápò, ó sì ń fi ọkọ̀ kó o wá fún wa láti rà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀yìn iyẹ̀pẹ̀, òjò àti ogun. Bí a bá tọ ipa ewéko yìí láti aṣálẹ̀ wá, a ó bá ìdí tí Osi, Iloffa, Koro àti Eruku fi wà bí wọ́n ṣe wà lónìí pàdé lójú ọ̀nà: Èkìtì ni wọ́n lẹ́nu, Kwara ni wọ́n nínú ìwé ìjọba.

Ewéko olójú mẹ́ta

Òfìò jọ koríko, ṣùgbọ́n kì í ṣe koríko. Ẹ fi ìka yí igi rẹ̀ wò: kò rí róbótó bíi ti koríko, ojú mẹ́ta ló ní. Àmì ìdílé rẹ̀ nìyẹn. Làbẹ̀làbẹ̀ tó ń ya ni lọ́wọ́ létí odò, ara ìdílé náà ni. Dáńdá tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ta sánsán, tí àwọn oníṣègùn wa kì í fi ṣeré, ara wọn ni. Papyrus tí àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ fi ṣe ìwé, ara wọn náà ni. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún òfìò ni Cyperus esculentus.

Ìbátan rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé àárín aṣálẹ̀ gan-an ló ń gbé, Cyperus conglomeratus. Orí òkìtì iyanrìn Sàhárà àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ti ń bá a. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lẹ iyanrìn mọ́ra yíká bí ẹni wọ ẹ̀wù, kí oòrùn má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ibi tó bá sì ti ta gbòǹgbò dáadáa, afẹ́fẹ́ kì í lè gbá iyanrìn ibẹ̀ lọ bó ṣe wù ú. Ràkúnmí ń jẹ ewé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gbìn ín: nígbà tí ọ̀dá bá mú, ewé á kú, ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ á wà láàyè, á máa retí òjò. Ọgbọ́n kan náà ni òfìò ń dá, àfi pé òun fi ti ara rẹ̀ kún un. Ó ń kó oúnjẹ pamọ́ sínú kóró kéékèèké lábẹ́ ilẹ̀. Oúnjẹ tó kó pamọ́ fún ara rẹ̀ yìí ni ọmọ aráyé rí tí wọ́n ń wú jẹ.

Kí oko tó dé

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wú u. Ní 2014, Gabriele Macho ti Yunifásítì Oxford gbé ìwádìí jáde nípa Paranthropus boisei, ẹ̀dá tó jọ ènìyàn tó gbé ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láàárín mílíọ̀nù 2.4 sí 1.4 ọdún sẹ́yìn. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú òfìò yìí ni ẹ̀dá náà gbójú lé jù fún oúnjẹ. Ohun tí irú ọ̀bọ kan ń jẹ ní Kẹ́ńyà lónìí ló fi díwọ̀n, nítorí náà èrò ni, kì í ṣe ẹ̀rí ojú. Ẹ̀rí tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní Wadi Kubbaniya, nítòsí Aswan ní gúúsù Íjíbítì. Níbẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Fred Wendorf ṣáájú wọn rí kóró Cyperus rotundus, ìbátan òfìò tó korò díẹ̀, tí iná ti sun di èédú níbi tí àwọn ènìyàn ti dáná ní nǹkan bí 18,000 ọdún sẹ́yìn. Àgbàdo kò sí, ọkà bàbà kò tíì di ohun oko; kóró abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń sun jẹ.

Ní Al Khiday, létí odò Náílì Funfun ní Sùdáánì, eyín òkú ló rò ó. Ìdọ̀tí líle tó gan mọ́ eyín àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ fi hàn pé wọ́n jẹ ewéko kan náà fún nǹkan bí 7,000 ọdún. Wọ́n jẹ ẹ́ kí wọ́n tó mọ oko dá, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ nígbà tí oko ti wà. Èyí tó yẹ ká dúró lé lórí nìyẹn. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ìyàn lásán ni, à bá ti rí i pé wọ́n jù ú nù ní kété tí ọkà dé. Àwọn tó gbé ìwádìí náà jáde ní 2014 tún ṣàkíyèsí pé eyín tó jẹrà kò pọ̀ lẹ́nu wọn, wọ́n sì rò pé agbára tí ewéko náà ní láti dí kòkòrò ẹnu lọ́wọ́ wà lára ohun tó fà á.

Òfìò fúnra rẹ̀ ni ti Íjíbítì. Wọ́n ti ń kó o sí ibojì kí ọba kan tó jẹ lórí gbogbo ilẹ̀ náà. Nínú ibojì Rekhmire, olórí ìjòyè fún Fáráò Thutmose Kẹta ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ṣáájú Krístì, àwòrán wà lára ògiri tó fi hàn bí wọ́n ṣe ń gún òfìò nínú odó, tí wọ́n ń kù ú, tí wọ́n ń po oyin mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń mọ ọ́n ní àkàrà olórí ṣóńṣó fún tẹ́ḿpìlì Amun. Lẹ́yìn èyí ní ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, Theophrastus ará Gíríìkì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ewéko pé inú iyanrìn nítòsí odò ni wọ́n ti ń wú u ní Íjíbítì, pé inú ọtí bálì ni wọ́n sì ń sè é kó lè dùn.

Ibí yìí ni ẹsẹ̀ àwọn kan máa ń yẹ̀, tí wọ́n bá ń wá orírun Yorùbá lọ sí ọ̀nà Íjíbítì. Muhammad Bello ti Sókótó kọ ọ́ sínú Infāq al-Maysūr ní 1812 pé ìran àwọn ará Kénáánì, àwọn ènìyàn Nímírọ́dù, ni àwa Yorùbá. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, gbọ́ ti Lámúrúdu àti Mẹ́kà lẹ́nu àwọn àgbà Ọ̀yọ́. Nígbà tó rò ó títí, ó ní apá òkè Íjíbítì tàbí Núbíà ló jọ ibi tí a ti wá. J. Olumide Lucas tún gbé Íjíbítì yìí lárugẹ ní 1948. Ilé-Ifẹ̀ kò bá wọn sọ ọ́: Odùduwà sọ̀ kalẹ̀ sórí omi, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni gbogbo ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ti Johnson lẹ́yìn lè fẹ́ pe òfìò lẹ́lẹ̀rìí, pé ohun tí Fáráò jẹ ni àwa náà ń jẹ. Ẹlẹ́rìí tí kò lè dúró ni. Ewéko tó ń hù fúnra rẹ̀ láti Sẹ̀nẹ̀gàl dé Sùdáánì kò lè jẹ́rìí pé ẹnì kan gbé e wá láti ibì kan. Ní tèmi, òfìò kò mọ ibi tí Yorùbá ti wá. Ohun tó mọ̀ ni ibi tí ilẹ̀ ti gbà á.

Ilẹ̀ tó gbà á, ilẹ̀ tó kọ̀ ọ́

Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún sẹ́yìn, Sàhárà tó ti jẹ́ ilẹ̀ koríko àti adágún omi gbẹ di aṣálẹ̀. Àwọn darandaran àti àwọn tó ń ṣa èso igbó jẹ tẹ̀ lé omi lọ sí gúúsù, sí etí odò Náíjà, sí agbègbè adágún Chad, sí ilẹ̀ tó wá di ti Haúsá. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti gba òfìò bí ohun oko. Ìdí rẹ̀ kò le láti mọ̀. Kóró òfìò kò ju ẹ̀wà lọ ní títóbi, igi kan sì lè so ọ̀pọ̀lọpọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ iyanrìn, àgbẹ̀ á hú u, á fi asẹ́ jọ̀ ọ́, iyanrìn á lọ, kóró á kù. Bó bá jẹ́ amọ̀ ńkọ́? Amọ̀ á lẹ̀ mọ́ kóró, kóró á lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, ilẹ̀ á ṣú ẹni tó ń ṣà á kó tó kún igbá. Ọ̀rọ̀ òjò tún wà níbẹ̀. Ó ń fẹ́ omi nígbà tó bá ń hù, ó sì ń fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná nígbà tí wọ́n bá hú u, kó lè gbẹ. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti tó hú, èyí tó bá òjò kúkúrú ilẹ̀ Haúsá mu rẹ́gí. Nígbà tó bá gbẹ tán, ó lè pẹ́ gan-an nínú àpò láìbàjẹ́. Bí wọ́n bá dà á sómi, á tún wú padà, á dùn. Ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn mọ iyì irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Áyà ni Haúsá ń pè é.

Àwọn Lárúbáwá gbé e gba ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n ń jọba ní Sípéènì, wọ́n gbìn ín sí ilẹ̀ Valencia, iyanrìn etí òkun ibẹ̀ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun mímu rẹ̀, horchata, kò kúrò nínú àṣà wọn láti ìgbà náà. A ó tún padà kan Valencia.

Ilẹ̀ Èkìtì Kwara yàtọ̀. Ibi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn ń bẹ̀rẹ̀ ló wà, òkè ńlá olókùúta ló yí i ká, iṣu sì ni ọba oko níbẹ̀. Ní àfonífojì ibẹ̀, ilẹ̀ máa ń wúwo, igi máa ń ṣíji bo ewéko kékeré, òfìò kò sì fẹ́ràn òjìji. Síbẹ̀ ó ń hù. Ó ń hù láàárín ebè, níbi tí àgbẹ̀ ti ro ilẹ̀ mọ́ fún un. Bí àgbẹ̀ bá ń fi ọkọ́ gé e, ńṣe ló ń já kóró rẹ̀ kúrò lára ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì yọ ewé tirẹ̀. Ohun tó mú kí ará Kebbi fẹ́ràn rẹ̀, pé kì í kú bọ̀rọ̀, ló mú kí ará Koro kórìíra rẹ̀.

Ẹní pàápàá ń fi ìyàtọ̀ ilẹ̀ yìí hàn. Níbi tí odò àti àbàtà ti pọ̀, ore ni wọ́n fi ń hun ẹní. Ní Ògòtún-Èkìtì, tí òkìkí ẹní rẹ̀ kàn, igi ewé eéran inú igbó ni wọ́n ń là, ewé kan náà tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ohun tí igbó bá fún ènìyàn, kò ní lọ wá a láti inú ọ̀dàn.

Ta ni àwọn ènìyàn tó tẹ ibí yìí dó? Ọ̀pọ̀ ìlú ibẹ̀ ló ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀, àwọn mìíràn sì ń ka ìlú kan tàbí méjì tí bàbá ńlá wọn gbà kọjá kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn ìlú tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pín níbẹ̀ ń ka ara wọn sí ọmọ ìyá. Gbogbo wọn ló ní Èkìtì ni àwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Johnson ka àwọn ọba Èkìtì mẹ́rìndínlógún sínú ìwé rẹ̀, ó ka Ọ̀tún, Ìjerò, Adó, Ìkọ̀lé àti àwọn yòókù. Kò ka Osi, kò ka Iloffa. Àwọn kan fi èyí ṣe ẹ̀rí pé wọn kì í ṣe Èkìtì gidi. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Johnson ń kọ̀wé, Ìlọrin ló di àwọn ìlú náà mú, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn sì ni etí rẹ̀ wà. Ẹni tí ọ̀tá ti mú lọ kì í sí níjókòó nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ.

Ìlọrin àti ẹṣin rẹ̀

Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kẹ̀yìn sí Aláàfin. Ó pe Àlímì, onímọ̀ Fúlàní, mọ́ra, ó sì ṣí ilẹ̀kùn Ìlọrin sílẹ̀ fún àwọn ẹrú Gàmbàrí tó ń sá kúrò lọ́dọ̀ olúwa wọn káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn tó fi ṣe agbára ló pa á ní nǹkan bí 1824. Abdulsalami ọmọ Àlímì jọba, Ìlọrin bọ́ sábẹ́ Gwandu àti Sókótó. Kì í ṣe ọba nìkan ló yí padà. Àdúgbò Gàmbàrí gbilẹ̀, Balógun Gàmbàrí wà lára àwọn balógun mẹ́rin, ọjà Ìlọrin sì di ibi tí ọ̀nà àríwá àti ọ̀nà gúúsù ti ń pàdé. Ẹṣin àti kán-ún ń bọ̀ láti òkè. Ẹrú àti obì ń lọ. Ìwé kì í ka ìpápánu, ọjà ńlá ló ń kà. Ṣùgbọ́n ibi tí Haúsá bá tẹ̀dó sí, oúnjẹ Haúsá á tẹ̀ lé e, ọ̀nà yìí náà ni áyà ń gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá títí di òní.

Kí ló kan Èkìtì nínú èyí? Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo. Ọ̀nà gúúsù dí. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin kò sì lè jókòó lásán. Ogun ni wọ́n fi ń rí ẹrú, ẹrú ni wọ́n fi ń ra ẹṣin. Wọ́n yíjú sí ìlà-oòrùn, sí Ìgbómìnà àti Èkìtì. Ìbàdàn náà ń gba apá kejì bọ̀. Àwọn ìlú àríwá Èkìtì wà láàárín, wọ́n sì gun òkè lọ. Nínú gbogbo ìtàn agbègbè yìí, kò sí ohun tó lágbára tó òkúta rẹ̀: ẹṣin tó ń sáré ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ìlọrin kò lè gun àpáta. Àmọ́ oko kò sí lórí àpáta. Ẹni tó sá gòkè gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá gbin iṣu, ibẹ̀ ni Ìlọrin ti ń mú un. Nígbà tó yá, wọ́n gba ajẹ́lẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ ọ ní Ìlọrin, ìṣẹ́gun ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà Èkìtì Kwara, òkè tí ẹṣin kò lè gùn ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́, pé àdéhùn ni, kì í ṣe ìkólẹ́rú. Ìwé tí ìjọba òyìnbó gbé jáde ní 1929, èyí tí Hermon-Hodge kọ lórí Ẹ̀kùn Ìlọrin, gba ìtàn ti Ìlọrin. Kò yani lẹ́nu: ààfin Ìlọrin ni àwọn aláṣẹ ti ń béèrè ọ̀rọ̀. Bí ọba kan bá ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe òun ló yẹ kó sọ ìtàn bó ṣe di olówó rẹ.

Àwọn tí ogun kó ńkọ́? Láti àwọn ogun tó bẹ̀rẹ̀ nígbà Àfọ̀njá, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gba Èkó, Àgbádárìgì àti Wídà dé Brazil. Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó dìtẹ̀ ní Salvador ní Bahia ní oṣù Kìíní 1835. Wọn kò lè gbé oko lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìmọ̀ ewé lọ. Nínú ilé òrìṣà Bahia títí di òní, gbòǹgbò olóòórùn dídùn kan wà tí wọ́n ń pè ní dandá-da-costa, dáńdá ti etíkun Áfíríkà, tí wọ́n ń lò fún ààbò. Ìdílé olójú mẹ́ta yìí náà ni. Ẹni tí ogun mú ní ìsàlẹ̀ òkè fi ahọ́n gbé orúkọ ewéko kọjá òkun.

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tán pátápátá títí di 1893. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé ti Iléṣà kó Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jọ láti bọ́ kúrò lọ́rùn Ìbàdàn. Ìlọrin gbè wọ́n lẹ́yìn, nítorí ọ̀tá Ìbàdàn ni Ìlọrin. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wá rí fún àwọn ará Osi àti Iloffa: ẹni tó ń jẹ wọ́n níṣàkọ́lẹ̀ ni alájọṣe àwọn arákùnrin wọn. Àdéhùn 1886 dá Èkìtì sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Kò dá àwọn ìlú àríwá sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìlọrin. Ibẹ̀ ni ìlà tó pín wọn ti bẹ̀rẹ̀, kí òyìnbó kankan tó ya àwòrán ilẹ̀.

Reluwé, ẹ̀pà àti ààlà

Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní oṣù Kejì 1897. Ní 1900, Ìlọrin di ara Àríwá Nàìjíríà, ó sì kó àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ dání wọ ibẹ̀. Èkìtì yòókù lọ sí Gúúsù. Àwọn òyìnbó sọ pé ohun tí àwọn bá nílẹ̀ ni àwọn tẹ̀ lé. Ó rọrùn fún wọn láti bá ọba kan sọ̀rọ̀ ju kí wọ́n bá ogún lọ.

Reluwé so Èkó mọ́ Kánò ní 1912, ó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá. Ohun tí wọ́n retí ni òwú. Ẹ̀pà ló jáde. Ẹ̀pà, tó jẹ́ pé Amẹ́ríkà ló ti wá ní ìgbà àwọn Potogí, ń fẹ́ ilẹ̀ iyanrìn kan náà tí òfìò ń fẹ́, òyìnbó sì ń fi owó gidi ra òróró rẹ̀. Àgbẹ̀ Kánò tó bá ro ìṣirò rẹ̀ dáadáa mọ èyí tí yóò gbìn. Òfìò kò parẹ́, ṣùgbọ́n ó di ohun tí wọ́n ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ oko, ìpápánu ọmọdé. Ìjọba kò náání ohun tí ọkọ̀ ojú omi kò kó.

Ìwé náà kò náání oko. Ẹni tó bá ń wá ìwé kà lórí Osi àti Odo-Ọwa, ìlú Èkìtì Kwara mìíràn, ní ọ̀rúndún ogún, igi gbígbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ bá. Areogun ti Osi, tó kú ní 1954, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère eégún Ẹ̀pà tó wà ní ilé ìṣúra kárí ayé. Ọmọ rẹ̀, Bámidélé, bá àwọn àlùfáà Kátólíìkì ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, ibẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kevin Carroll kọ ìwé lórí iṣẹ́ wọn ní 1967. Bámigbóyè ti Odo-Ọwa, tó kú ní 1975, ni Yunifásítì Yale fi àfihàn kan yẹ́ sí ní 2022. Iyì ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀ pé ọwọ́ tó gbẹ́ igi ni wọ́n wò tó bẹ́ẹ̀, tí wọn kò wo ọwọ́ tó ro oko tó fi bọ́ agbẹ́gilére.

Ní ti ààlà, ọ̀rọ̀ náà kò sùn. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ènìyàn kan ní Ìlọrin àti Kàbà béèrè pé kí wọ́n dá àwọn padà sí Ẹ̀kùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba òyìnbó gbé dìde, gbọ́ wọn láàárín 1957 sí 1958. Ààlà náà kò sún. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, Gowon dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀, àwọn ìlú Èkìtì tí à ń sọ yìí bọ́ sí èyí tó wá ń jẹ́ Kwara. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996, òdìkejì ààlà ni wọ́n wà síbẹ̀.

Èpò nílé, owó lóko

Ní 1987, Akobundu àti Agyakwa ti ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn gbé ìwé atọ́nà lórí èpò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde, òfìò sì wà nínú rẹ̀. Ìbátan rẹ̀, Cyperus rotundus, ni àwọn onímọ̀ kan ti pè ní èpò tó burú jù láyé ní 1977. Ìwé fi ohùn sí ohun tí ará Osi ti mọ̀ tipẹ́.

Àfi bí ọjà ṣe tún yí padà. Ní 1995, Valencia gba ẹ̀tọ́ orúkọ fún òfìò tirẹ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn wọn kò tó fún òǹgbẹ wọn. Wọ́n ń ra kún un láti Niger, Mali, Burkina Faso àti Nàìjíríà. Ní Gáńà, atadwe ni wọ́n ń pè é, Aduamoa ní ilẹ̀ Kwahu sì gbajúmọ̀ fún gbígbìn rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kúnú áyà ti kúrò ní ohun tí ìyá arúgbó ń fi igbá bù. Wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike, wọ́n ń gbé e sínú fìríìjì, àwọn tó ń gbààwẹ̀ ń fi í ṣínu. Wọ́n máa ń rẹ òfìò mọ́jú, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ dàbínù, àgbọn, atalẹ̀ àti kànáfùrù, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Ẹni tí kò mu ún, á jẹ ẹ́ lẹ́nu, á fa omi rẹ̀, á tu èyí tó kù dànù.

Òkìkí tó ta ọjà yìí jù ni ti agbára ọkùnrin. Òǹtajà kì í fi ọ̀rọ̀ náà bò: wọ́n á so òfìò, dàbínù àti àgbọn pọ̀, wọ́n á ní kí ọkọ ìyàwó rà á. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jọ́dánì tí wọ́n gbé jáde ní 2015 rí i pé ó ta àwọn akọ eku jí. Eku ni, kì í ṣe ọkọ ìyàwó. Ohun tí a mọ̀ dájú kéré sí ìyẹn, ó sì tó: òróró rẹ̀ jọ òróró ólífì, kò ní wàrà nínú, ó sì ń yó ni.

Ní gbogbo ìgbà yìí, owó òfìò ń kọjá lójú ọ̀nà Ìlọrin, díẹ̀ ni ó ń yà sí Èkìtì Kwara. N kò ní kí àgbẹ̀ Osi fi iṣu sílẹ̀. Ṣùgbọ́n etí àwọn odò agbègbè náà ní ibi tí omi ń kó iyanrìn jọ sí, àkùrọ̀ tó máa ń ṣófo tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ibẹ̀ tó fẹ́ dán an wò, ẹ ra kóró tó dára láti Kebbi tàbí Katsina, ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ tó gbìn ín, kí ẹ sì jẹ́ kí ibi tí ẹ ó gbìn ín sí jìnnà sí ebè iṣu bàbá yín. Bó bá ti wọ ibẹ̀, kò ní jáde mọ́.